Púpurú, edé àti ọbẹ̀ marúgbó: ohun tí àlejò lè jẹ ní etíkun Ìlàjẹ

Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ìlàjẹ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìbéèrè méjì ló sábà máa ń bi dírẹ́bà kí mọ́tò tó kúrò ní Òkìtìpupa: ṣé omi náà kò léwu, àti pé kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀? Ìbéèrè kìíní kò le. Tí ẹ bá ti wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó, tí ilẹ̀ kò sì tíì ṣú, ọkàn yín á balẹ̀. Ìbéèrè kejì ló gba àlàyé, torí oúnjẹ Ìlàjẹ kò jọ ti Ìbàdàn, kò sì fi gbogbo ara jọ ti Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo wọn.

Ilẹ̀ ló fà á. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Igbókọ̀dá, wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí òkun Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀. Odò kéékèèké, àbàtà, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, orí òpó igi ni ilé dúró sí, pákó ni wọ́n sì tò bí afárá láti ilé kan dé òmíràn. Kò sí ibi tí wọ́n á kọ ebè iṣu sí. Màlúù kò rí koríko jẹ. Nítorí náà, ohun tí omi bá fún wọn, àti ohun tí ará òkè bá gbé wá sọ́jà, òun náà ni wọ́n ń jẹ. Èyí tí wọn kò bá jẹ tán lóòjọ́, wọ́n ní láti fi iná àti èéfín tọ́jú rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn yóò mọ ìdí tí òórùn èéfín fi wà lára ohun gbogbo níbẹ̀, títí kan owó tí ìyá ẹlẹ́ja bá fi ṣe ṣéńjì fún un.

Láti Ọ̀rẹ̀ dé Igbókọ̀dá

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí láti Benin, Ọ̀rẹ̀ ni yóò ti yà kúrò lójú títì márosẹ̀, kó tó gba Òkìtìpupa lọ sí Igbókọ̀dá. Ìpápánu ojú ọ̀nà wà níbẹ̀ dáadáa: ìpékeré inú ọ̀rá, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, àkàrà gbígbóná, àgbàdo nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Gbogbo ìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n láti ilé.

Èyí tí ẹ lè má tíì rí rí ni ìtun. Kòkòrò funfun, ọlọ́ràá, tó máa ń wà nínú igi ọ̀pẹ àti igi ògùrọ̀ tó ti ń jẹrà ni. Ọmọ tí kòkòrò ńlá kan tó ní ẹnu gígùn bí i ti ẹyẹ bí ni, kó tó di pé òun náà hu ìyẹ́. Wọ́n á fi igi gún un bíi ṣúyà, wọ́n á yan án tàbí kí wọ́n dín in nínú ọ̀rá ara rẹ̀. Kì í ṣe Ìlàjẹ nìkan ló ń jẹ ẹ́ o. Ìkálẹ̀, Ìjọ̀, Urhobo àti Itsekiri, gbogbo àwọn tó ń gbé níbi tí ògùrọ̀ ti ń hù ló mọ̀ ọ́n. Àlejò tó bá lè gbójú kúrò lára bó ṣe rí, tó sì fi sẹ́nu, yóò rí i pé ó fẹ́ jọ ọ̀rá ẹran tí iná ti gbẹ. Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́, kó sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Yíyọ ṣùtì sí i ni kò dáa.

Púpurú, bọ́ọ̀lù dúdú tí inú rẹ̀ funfun

Tí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ jẹ ní Ìlàjẹ, ẹ jẹ púpurú. Àwọn Ìkálẹ̀ ń ṣe é, Àpọ́ì àti Arógbò ní Ẹsẹ̀-Odò ń ṣe é, ó sì dé apá kan ní Niger Delta. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀gẹ́ yìí kan náà tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Pọtogí ló gbé e la òkun kọjá wá sí Áfíríkà. Àwọn ará etí omi yìí ni wọ́n wá bá a rí ìlò tí kò sí níbòmíì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rè é. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. Ẹ má rò pé nítorí kó lè ṣe é gún nìkan ni wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá èyí tó bá korò, kíkan àti fífún omi rẹ̀ dànù ló sì ń mú un kúrò. Ẹni tó bá kánjú yọ ẹ̀gẹ́ kó tó rọ̀, jàǹbá ló ń sè.

Tó bá ti rọ̀, wọ́n á yọ okùn àárín rẹ̀, wọ́n á rọ́ ọ sínú àpò, wọ́n á sì gbé òkúta lé e kí omi lè ro jáde. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú àpò ni wọ́n á fi ọwọ́ mọ róbótó róbótó bíi bọ́ọ̀lù. Wọ́n á wá tò ó sórí àjà tó wà lókè iná, àjà kan náà tí wọ́n fi ń yan ẹja, kí èéfín àti ooru máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á funfun. Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti máa ń ṣi púpurú mọ̀ nìyí. Wọ́n á rí òkìtì nǹkan dúdú lórí ẹní lọ́jà, wọ́n á rò pé èédú ni, wọ́n á kọjá lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn dúdú náà kúrò, wọ́n á gún inú rẹ̀, wọ́n á fi asẹ́ jọ̀ ọ́, wọ́n á sì rò ó nínú omi gbígbóná bí ẹni ń ro àmàlà. Ó máa ń fà díẹ̀, ó ní ìkan tó rọra wà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé e dé ọ̀fun. Ẹni tí láfún ti mọ́ lára kò níí pẹ́ mọ̀ ọ́n jẹ.

Ṣé ẹ rí láfún náà, ẹ̀gẹ́ rírẹ ni. Ṣùgbọ́n oòrùn ni wọ́n fi ń sá a, orí àpáta tàbí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sí. Ní ibi tí kò sí àpáta, tí ilẹ̀ gbígbẹ kò tó nǹkan, tí òjò sì ń rọ̀ lemọ́lemọ́, kí ni wọ́n á fi gbẹ ẹ̀gẹ́? Iná ló kù. Ìdí púpurú nìyẹn. Ẹ̀yìn dúdú tí àlejò ń wò bí ìdọ̀tí, òun gan-an ló ń dáàbò bo inú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọn kò bá tíì ha, tí omi kò sì kàn, lè wà nílé fún oṣù mélòó kan kó má bàjẹ́. Apẹja tó ń lọ sójú òkun tí kò mọ ọjọ́ tí yóò padà, tàbí tó ń kó ìdílé rẹ̀ lọ pàgọ́ síbi tí ẹja wà, ó lè ju bíi mẹ́wàá sínú ọkọ̀ kó sì máa lọ. Omi àti iná nìkan ló máa nílò.

Ohun kan tún wà tí ojú àlejò kì í tètè rí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ yìí, ilẹ̀ òkè ló ti ń wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀. Ẹja ń gòkè, ẹ̀gẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Ọjà ló so àwọn ọmọ ìyá méjì yìí pọ̀. Tí ẹ bá jókòó ti púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ omi ló pàdé nínú àwo yín.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ọgbọ́n ṣíṣe attiéké kún àwọn àṣà àjogúnbá tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ kíkan ni, àwọn ará etí ọ̀sà ní gúúsù Côte d'Ivoire ló sì ni ín. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ ní Kúbà, Haiti, Dominican Republic, Honduras àti Venezuela sí i. Púpurú kò sí nínú ìwé náà. Kò tilẹ̀ sí pátákó kan lójú ọ̀nà Òkìtìpupa tó ń sọ fún arìnrìn àjò pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ló ń wọ̀ yìí.

Ọbẹ̀ dúdú, ọbẹ̀ ẹyìn

Ọbẹ̀ tó bá púpurú mu jù ni ọbẹ̀ marúgbó. Marúgbó jẹ́ ewé kan tó ń fà mọ́ igi, àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Clerodendrum volubile. Àwọn Urhobo náà mọ̀ ọ́n, obenetete ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Wọ́n á lọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n gún un kúnná, wọ́n á fi ata, irú àti ẹja gbígbẹ sí i, àwọn mìíràn á fi ẹfinrin sí i. Kò sí tòmátò níbẹ̀. Nígbà tó bá jinná, ó máa ń dúdú, kì í ṣe dúdú ọbẹ̀ tó jóná, dúdú ewé ni. Àlejò tó bá gbé ojú lé ọbẹ̀ pupa lè kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Kó fi òkèlè kan kàn án ná.

Àwọn ìyá àgbà máa ń sè é fún abiyamọ tuntun, wọ́n gbà pé ó ń mú ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní ọbẹ̀ ọlọ́mọ tuntun bí wọ́n bá ń ṣàwàdà. Ilé oúnjẹ ńlá kò wọ́pọ̀ tó ń tà á. Ilé ni wọ́n ti ń sè é, torí náà ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní láti mọ ẹnì kan, tàbí kó ní sùúrù kó bi ìyá olóúnjẹ létí jẹ́tì pé ọjọ́ wo ló máa ń sè é.

Ọbẹ̀ ẹyìn náà wà, èyí tí wọ́n fi omi ẹyìn tí wọ́n gún sè dípò epo pupa. Ẹni tó bá ti jẹ bánga ní Warri yóò sọ pé, ‘Ṣebí mo mọ ọbẹ̀ yìí!’ Òótọ́ ló sọ. Èdè Itsekiri àti ti Ìlàjẹ jọ ń súnmọ́ ara wọn, ìdílé èdè Yorùbá ni àwọn onímọ̀ kó méjèèjì sí, ọ̀nà omi ló sì so wọ́n pọ̀ kí títì tó dé. Kò yẹ kó yani lẹ́nu tí ìkòkò wọn bá jọra.

Ẹja, edé àti ohun mìíràn tó ń ti inú omi jáde

Igbókọ̀dá ni ọjà ńlá tí ohun inú omi ti ń pàdé àwọn oníbàárà. Àwọn ọlọ́jà ń ti Èkó, ti ilẹ̀ Igbo àti ibòmíràn wá kó edé. Kí ẹ tó dé ìdí òkìtì edé náà ni òórùn rẹ̀ á ti wá pàdé yín lọ́nà.

Nínú ẹja, ẹ óò rí ẹja omi odò bíi àrọ̀, ẹ̀pìyà àti ọ̀bọ̀kún, ẹ óò sì rí ti òkun bíi ṣàwá, bọ́ńgà àti kúta. Akàn wà, ìṣáwùrú wà. Tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ. Ẹja tó kúrò nínú àwọ̀n láàárọ̀, tí wọ́n fi ata, iyọ̀ àti ẹfinrin díẹ̀ sè lọ́sàn-án, kò nílò ohun tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìyá olóúnjẹ kan máa ń ju kúùbù bíi mẹ́ta sí i nítorí àlejò láti Èkó. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sílẹ̀.

Yíyan ẹja, iṣẹ́ obìnrin ni ní ọ̀pọ̀ ilé. Ọkùnrin á mú ẹja wálé, obìnrin á sì dúró ti iná. Òun ló mọ igi tó ń mú èéfín tó dáa jáde, òun ló ń jí lóru láti yí ẹja padà kó má bàa jó. Ojú tó ń pọ́n àti ikọ́ tí kì í lọ bọ̀rọ̀ wà lára owó tí wọ́n ń san fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń ná ẹja, kó rántí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra edé, ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹ fún un. Edé tó gbẹ dáadáa á máa dún wẹrẹwẹrẹ, kò níí lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi díẹ̀ sẹ́nu kí ẹ mọ̀ bóyá iyanrìn wà níbẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn òkun àti èéfín ló yẹ kí ẹ gbọ́. Tí òórùn oògùn apakòkòrò bá ń jáde lára edé tàbí ẹja gbígbẹ, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, iye yòówù kí wọ́n tà á. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà fún àwọn tó ń fọ́n oògùn bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ kó má bàa kó kòkòrò.

Nígbà àsè

Àsè mẹ́ta ló sábà máa ń kó èèyàn jọ ní etíkun yìí: ìkórè ìjọ, ìsìnkú àgbà, àti ìparí ọdún. Ìgbéyàwó wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ní Èkó tàbí Àkúrẹ́.

Ìparí ọdún ló tóbi jù fún ẹni tó fẹ́ mọ àwọn Ìlàjẹ. Apẹja ni wọ́n, ibi tí ẹja bá lọ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n wà ní Mákòókò pẹ̀lú àwọn Ègùn, àdúgbò kan wà ní Bàrígà tó ń jẹ́ Ìlàjẹ títí dòní, wọ́n sì wà káàkiri etíkun Niger Delta. Bí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, àwọn ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pẹ̀lú ẹrù, ọkọ̀ á kún dẹ́nu ní jẹ́tì Igbókọ̀dá, owó ọkọ̀ á sì gbówó lórí. Ẹni tó bá fẹ́ wá lásìkò náà, kó tètè wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí àlejò mọ̀ nípa àsè wọ̀nyí. Tó bá jókòó sábẹ́ kánópì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ ni wọ́n máa gbé fún un, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá àti ẹlẹ́rìndòdò. Wọ́n rò pé ohun tó tọ́ sí àlejò nìyẹn, wọn kò sì ní in lọ́kàn láti fi nǹkan pamọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni púpurú wà, pẹ̀lú orí ẹja ńlá nínú ìkòkò, níbi tí àwọn ìyá ti ń jẹun lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe gbogbo ìlú lálejò. Kí àlejò jẹ díẹ̀ níwájú, kó dúpẹ́, kó wá rìn lọ sẹ́yìn lọ kí àwọn tó ń dáná. ‘Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìnáwó’ ti tó. Wọ́n á bi í bóyá ó lè jẹ púpurú. Bó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, àsè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìjọ Sérúbù àti Séráfù, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní Zion, fẹsẹ̀ múlẹ̀ gan-an ní Ìlàjẹ. Nítorí náà, ẹ má gbé bíà tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọ ibi ìkórè wọn láìbéèrè. Ẹ béèrè náà kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà. Tí ẹ bá ń kọjá lọ níwájú ilé kan tí wọ́n ń jẹun, wọ́n á ní, ‘Ẹ wá jẹun o.’ Kò pọn dandan kí ẹ jókòó. ‘Ó máa gba ibi ire lọ’ ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè yín lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n sì ti ń fọ àwo, ẹ lọ ṣan ọwọ́ yín jàre.

Àjọ̀dún àwọn olómi ń fa èrò káàkiri ayé. Ní Ṣáínà, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn, wọ́n máa ń fi ọkọ̀ gígùn tí wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ bíi dírágónì díje lórí odò, wọ́n sì máa ń jẹ zongzi. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra ni zongzi, ewé ni wọ́n fi ń wé e kí wọ́n tó sè é. Ọmọ Yorùbá tó mọ mọ́ínmọ́ín ewé kò níí bẹ̀rù rẹ̀. UNESCO gba àjọ̀dún náà sínú ìwé rẹ̀ ní 2009, àwọn èèyàn sì ń wọ bàálù láti ọ̀nà jíjìn lọ wò ó, lọ jẹ ẹ́. Láti Èkó dé Igbókọ̀dá, ọ̀nà mọ́tò ni.

Ohun tó ń dín oúnjẹ náà kù

Ẹni tó bá dé Ayétòrò yóò rí òpó ilé tó dá dúró nínú òkun. Ìlú náà, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947. Fún bí ogún ọdún, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, ohun gbogbo sì jẹ́ ti gbogbo wọn, débi pé àwọn onímọ̀ láti òkè òkun wá ṣe ìwádìí nípa wọn. Lónìí, òkun ti gba apá tó pọ̀ níbẹ̀, ó gba ilé, ó gba ibi ìsìnkú. Iṣẹ́ ìdènà òkun tí àjọ NDDC gbé jáde láti 2004 kò dá omi náà dúró. Nígbà tí òkun bá gba ilé, iná tí wọ́n fi ń yan ẹja àti àjà tí wọ́n ń tò púpurú sí náà bá a lọ. Obìnrin tó ṣí lọ sí Igbókọ̀dá lè rí yàrá háyà, ṣùgbọ́n ta ni onílé tó máa gbà kí èéfín máa rú ní yàrá rẹ̀ tọ̀sán-tòru?

Ní apá Àwóyè, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú omi tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ní àwọn ọdún 1970 ṣí ilẹ̀kùn fún omi iyọ̀ láti wọ inú àbàtà, igbó tí omi dídùn ń bọ́ sì kú. Ní oṣù Karùn-ún 2020, kànga epo Ororo-1 tó wà nínú òkun nítòsí wọn gbiná, ó sì ń jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn apẹja ń ráhùn pé àwọn ní láti wa ọkọ̀ jìnnà sí i kí àwọn tó rí ẹja, epo bẹntiróò tí wọ́n sì ń rà fún ẹ́ńjìnnì ń jẹ èrè. Iye tí wọ́n ń pè fún àlejò lórí ẹja kan, ẹ má kà á sí ojúkòkòrò lásán.

Ohun mímu

Ẹmu ògùrọ̀ ni ti wọn, èyí tí wọ́n ń dá lára igi ògùrọ̀ inú àbàtà. Láàárọ̀ ló dùn jù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan. Òun ni wọ́n ń sè di ògógóró. Ẹ ṣọ́ra gidigidi nípa ògógóró. Ní oṣù Kẹrin 2015, ní Òdé-Ìrèlè tí kò jìnnà síbẹ̀, ó ju ènìyàn 15 lọ tó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú sì fọ́ àwọn kan kí wọ́n tó kú. Wọ́n kọ́kọ́ ń sọ pé òrìṣà ló ń jà. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé méthánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú ohun tí wọ́n mu. Àlejò tí kò mọ ẹni tó sè é, kó má mu ún. Àgbọn wà lẹ́bàá òkun fún ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, omi inú rẹ̀ kò sì pa ẹnikẹ́ni.

Omi mímu gan-an, ẹ gbé tiyín dání. Omi yí abúlé ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ṣe é mu ṣọ̀wọ́n, àwọn ará ibẹ̀ gan-an ń fi owó rà á láti Igbókọ̀dá.

Bí ẹ ṣe máa gbé e délé

Àjọ NIWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi kò fàyè gba ìrìn òru, torí náà ẹ ṣírò àkókò yín kí ẹ lè padà dé Igbókọ̀dá kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ ra púpurú nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí omi má bàa ta sí i nínú ọkọ̀. Odindi ni kí ẹ rà, èyí tí wọn kò tíì ha. Ìyẹ̀fun rẹ̀ wà nínú ọ̀rá o, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò ní odó, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á kò lè mọ̀ bóyá láfún ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ yan èyí tó wúwo díẹ̀ tó sì le koko. Tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó wọlé, kò tíì gbẹ, á hu funfun kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, ẹ má fi ọ̀rá dí i pa, kó lè máa mí. Ẹ ya àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ lọ́jọ́ Ajé pé ẹ lọ sí Ìlàjẹ. Tí ẹ bá délé, ẹ gbé e sókè níbi tí atẹ́gùn ń gbà, ẹ ha ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ, kí ẹ sì dá ìyókù padà síbi tó wà.